Bí a ṣe ń kápá fífì ọkọ̀ ìsáré nínú kọ̀nà

Tí ọkọ̀ bá wọ kọ̀nà pẹ̀lú eré, ara rẹ̀ á fì síta. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ mótò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ ló ti mọ̀ ọ́n lára: ọkọ̀ ya sọ́tùn-ún, èrò inú rẹ̀ fì sósì. Nínú ọkọ̀ akérò, ìfì díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Nínú ọkọ̀ ìsáré ńkọ́? Ìfì tí a kò kápá ń ba bí táyà ṣe tẹ ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí sítíárìn ń wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kan ọkọ̀ ìsáré kékeré fúnra yín ni mò ń kọ èyí sí, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Mo rí i pé tí ọkọ̀ bá ti fì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn ni irin stabilizer, ìyẹn irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì lábẹ́ ọkọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká fi irin tó nípọn sí i ni?” Ìbéèrè yẹn dára, àmọ́ ìparí iṣẹ́ ni àyè rẹ̀ wà. Irin stabilizer ń dín ìfì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín ẹrù tó ń ṣí kúrò lórí táyà inú lọ sórí táyà ìta kù rárá. Ohun tó ń pinnu bí ẹrù yẹn ṣe pọ̀ tó ni gíga ìwúwo ọkọ̀ àti fífẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀

Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n mẹ́rin lẹ nílò, ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rí èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, ìwọ̀n pẹlẹbẹ tí àwọn oníkajú fi ń wọn àpò á ṣe é, nítorí ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ kékeré kì í sábà ru ju kílò 100 lọ. Kí ẹnì kan ṣoṣo kọ́kọ́ gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pákó tẹ́ abẹ́ wọn títí orí wọn á fi dọ́gba. Rọ́bà tóóró tó kún fún omi, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí: ẹ di ẹnu rẹ̀ kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹnu kejì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ibi tí omi bá dúró sí kò lè parọ́. Kí awakọ̀ jókòó pẹ̀lú àṣíborí rẹ̀, kí epo tó bí ẹ ṣe máa ń lò ó wà nínú táǹkì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí a ó máa fi ṣe ìṣirò títí dé òpin. Ọkọ̀ àti awakọ̀ jẹ́ kílò 300. Iwájú ru 144, ẹ̀yìn ru 156. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1.6. Ìbú ẹsẹ̀, ìyẹn láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín táyà òsì, jẹ́ mítà 1.2 níwájú àti 1.15 lẹ́yìn.

Ohun tó ṣòroó wọ̀n jù ni bí ojúkò ìwúwo ọkọ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ dà bí ẹni pé ó kó jọ sí, ṣe ga tó sílẹ̀. Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì, ẹ fi irin gbọọrọ rọ́pò wọn kí ẹsẹ̀ má baà lè mì. Ẹ fẹ́ táyà kó le dáadáa. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè ní mìlímítà 400, kí ẹ gbé e lé nǹkan tí kò lè yẹ̀, kí táyà iwájú sì wà lórí ìwọ̀n láìfa búrékì. Ẹrù iwájú á pọ̀ sí i díẹ̀. Ẹ sọ iye tó fi pọ̀ sí i di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, ẹ fi ìwúwo ọkọ̀ àti tangent igun tí ọkọ̀ fi gbé ẹ̀yìn sókè pín in, kí ẹ wá ro gíga àárín táyà mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀ tiwa, iwájú kúrò ní 144 ó di 146. Kílò 2 lọ́nà 1.6, tí a fi 300 lọ́nà 0.258 pín, jẹ́ mítà 0.041. Àárín táyà wà ní mítà 0.26 sílẹ̀. Ojúkò ìwúwo wà ní mítà 0.30.

Ẹ kíyè sí bí nǹkan yẹn ṣe kéré tó. Bí ìwọ̀n bá ṣìnà pẹ̀lú kílò kan péré, ìdáhùn yín á yẹ̀ ní mìlímítà 20. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá lè gbé ẹ̀yìn ga ju mìlímítà 400 lọ láìsí ewu, ẹ gbé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dín ẹrù tó ń ṣí kù

Nínú kọ̀nà, a máa ń fi g wọn agbára tó ń ti ọkọ̀ síta. Ní 1 g, agbára yẹn dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrù tó ń ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ inú lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ní 1 g ni ìwúwo ọkọ̀ lọ́nà gíga ojúkò ìwúwo, tí a fi ìbú ẹsẹ̀ pín: 300 lọ́nà 0.30, a fi 1.2 pín in, ó jẹ́ kílò 75. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ru 150 nígbà tí ọkọ̀ dúró; nínú kọ̀nà, inú ku 75, ìta di 225.

Ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Kò sí sípíríǹgì nínú rẹ̀, kò sí stabilizer, kò sí ṣọ́ọ̀kù. Bí ẹ fi irin tó nípọn bí apá sí abẹ́ ọkọ̀ náà, kílò 75 á ṣì ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ ojúkò ìwúwo sílẹ̀ ní mìlímítà 30 péré, ó di 67.5. Bí ẹ bá fẹ ẹsẹ̀ dé mítà 1.3, ó di 69. Obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ máńgòrò kan lé orí òmíràn á fì tó bá yà lójijì. Èyí tó fi ọwọ́ gbé e sí ìbàdí kò ní fì tó bẹ́ẹ̀.

Níbo lẹ ti lè rí mìlímítà 30? Awakọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni ẹrù tó wúwo jù nínú ọkọ̀ kékeré. Ẹ dá ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara lélẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ gbé bátìrì kúrò lẹ́yìn orí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì àti táǹkì epo. Ní ti fífẹ ẹsẹ̀, ẹ má ṣe àṣejù, nítorí ọkọ̀ tó fẹ̀ jù kì í lè gba àárín àwọn kóònù tó sún mọ́ra kọjá kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ojúkò ìfì

Ẹ ya ọkọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ṣe ń rí i. Apá méjì ló so táyà mọ́ ṣáàsí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ fa ìlà kan gba orí ìdè méjèèjì apá òkè, ẹ fa òmíràn gba orí ìdè méjèèjì apá ìsàlẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lower arm. Ẹ fa méjèèjì títí wọ́n á fi pàdé. Láti ibi ìpàdé yẹn, ẹ fa ìlà kẹta dé àárín ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀. Ibi tí ìlà kẹta yìí ti gé ìlà àárín ọkọ̀ ni ojúkò ìfì. Ẹ ṣe é fún iwájú, ẹ ṣe é fún ẹ̀yìn, kí ẹ fi ìlà so méjèèjì pọ̀. Orí ìlà yẹn ni ara ọkọ̀ ń yí lé tó bá ń fì. Bí ojúkò ìwúwo bá ṣe jìnnà sí i tó lókè ni agbára tó ń mú ọkọ̀ fì ṣe pọ̀ tó.

Ẹnìkan á ní, ó dáa, ká gbé ojúkò ìfì ga sókè títí á fi kan ojúkò ìwúwo, ìfì tán nìyẹn. Ìfì á tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá tó dorí kodò báyẹn á máa ti ara ọkọ̀ sókè nínú kọ̀nà, táyà ìta á máa wọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀, ìdìmú ilẹ̀ á sì bàjẹ́. Èmi fẹ́ràn kó wà láàárín ilẹ̀ àti mìlímítà 50, kí ti ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju ti iwájú lọ.

Ibí yìí náà la ti ń pinnu kámbà, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta, òun sì ni ìdí gan-an tí a fi ń bá ìfì jà. Bí apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá gùn dọ́gba tí wọ́n sì dúró gbọọrọ bákan náà, dìgírì kan tí ara ọkọ̀ bá fì ni dìgírì kan tí táyà ìta á tẹ̀ síta pẹ̀lú rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló sì máa ṣiṣẹ́. Bí apá òkè bá kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, orí táyà ìta á máa tẹ̀ sínú bí sípíríǹgì rẹ̀ ṣe ń rì, á sì dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ìfì jí.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ gé apá méjèèjì, ojú táyà àti ìdajì ṣáàsí láti ara páálí líle, kí wọ́n tóbi bí wọ́n ṣe máa rí lórí ọkọ̀ gan-an. Ẹ fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ pákó níbi ìdè wọn, kí ìṣó má fún ju. Ẹ wá yí ṣáàsí páálí náà dìgírì 2, kí ẹ fi igun irin àwọn kápẹ́ńtà wo ojú táyà. Ẹ óò rí i kedere bó ṣe ń tẹ̀. Ẹ sún ihò apá òkè sókè ní mìlímítà 10, ẹ tún yí i. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló wà nínú páálí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu ìfì tí ẹ fẹ́

Ọkọ̀ ilé lásán lè fì tó dìgírì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1 g. Fún ọkọ̀ ìsáré kékeré tí kò ní ìyẹ́, dìgírì 1 sí 1.5 ni mò ń lé. Ẹ má lé òdo. Ní 1992, Williams FW14B tí Nigel Mansell fi gba ife àgbáyé Formula One ní kọ̀ǹpútà tó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè sódò láti kápá ìfì. Wọ́n fi òfin de irú rẹ̀ kí sáà 1994 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó sì fẹ́ pa ìfì tán pátápátá, líle ló máa fi rà á, táyà á sì máa fò lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú.

Ọkọ̀ tiwa: nínú kílò 300, táyà, rọ́mù, họ́ọ̀bù àti búrékì kó 50, 250 ló jókòó lórí sípíríǹgì. Ojúkò ìwúwo 250 yẹn fi mítà 0.28 ga ju ìlà ìfì lọ. Agbára tó ń mú un fì ní 1 g ni 250 lọ́nà 9.81 lọ́nà 0.28, ìyẹn 687 Newton-mítà. Tí a bá fẹ́ kó fì ní dìgírì 1.2, líle àpapọ̀ tí sípíríǹgì àti stabilizer fi ń kọ ìfì gbọ́dọ̀ jẹ́ 687 tí a fi 1.2 pín: 572 Newton-mítà fún dìgírì kan. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri ibi iṣẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sípíríǹgì

Sípíríǹgì kì í ṣiṣẹ́ tààrà lórí táyà. Tí táyà bá gòkè ní mìlímítà 10 tí ṣọ́ọ̀kù sì rìn 7, ìdá wọn jẹ́ 0.7, líle tí táyà máa rí sì jẹ́ líle sípíríǹgì lọ́nà 0.7 lọ́nà 0.7. Sípíríǹgì tó jẹ́ Newton 40 fún mìlímítà kan á di 19.6 lórí táyà, ká pè é ní 20. Ẹ wọn ìdá yìí lára ọkọ̀ gan-an: ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ fi jáàkì gbé táyà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wọn ṣọ́ọ̀kù.

Bí ó bá jẹ́ tókùnbọ̀ lẹ rà, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́. Ẹ gbé sípíríǹgì lé orí ìwọ̀n yẹn lábẹ́ férémù irin tó lágbára, ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní mìlímítà 25. Bí ìwọ̀n bá ka kílò 102, Newton 40 fún mìlímítà kan ni lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Sípíríǹgì tó bá fò yọ lè pa ènìyàn.

Líle tí sípíríǹgì méjì fi ń kọ ìfì ni ìdajì líle táyà lọ́nà ìbú ẹsẹ̀ lọ́nà ìbú ẹsẹ̀. Níwájú, Newton 20 fún mìlímítà kan jẹ́ 20,000 fún mítà kan: ìdajì 20,000 lọ́nà 1.2 lọ́nà 1.2 jẹ́ 14,400. A fi 57.3 pín in kó lè di ti dìgírì, ó jẹ́ 251. Lẹ́yìn, pẹ̀lú Newton 22 fún mìlímítà kan lórí táyà, ó jẹ́ 254. Àpapọ̀ jẹ́ 505. Bí ọkọ̀ náà bá sá báyìí, á fì ní dìgírì 1.36 ní 1 g. Ó ku 67 kó tó pé 572.

A lè mú sípíríǹgì le sí i títí á fi pé. N kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Igun iwájú ọkọ̀ yìí ru nǹkan bí kílò 60 lórí sípíríǹgì, èyí tó ń mú un mì ní ìgbà 2.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti le tó fún ilẹ̀ wa. Irin stabilizer ló yẹ kó gba ìyókù, torí kì í mú ẹsẹ̀ le nígbà tí táyà méjèèjì bá jọ gun gegele kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: irin stabilizer

Nǹkan yìí ti pẹ́: ní 1919 ni Stephen Coleman, ará Kánádà, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Irin kan ni tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dé òsì, tó ní apá méjì tó tẹ̀ síwájú. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, ńṣe ló kàn ń yí nínú bọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì sọ̀kalẹ̀, á lọ́, bó ṣe ń fẹ́ tú padà ni ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ tó rì dìde.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu líle rẹ̀. Nínípọn rẹ̀ ló lágbára jù, torí líle ń lọ pẹ̀lú nínípọn lọ́nà ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: irin mìlímítà 22 fi ìdá 46 nínú 100 le ju ti mìlímítà 20 lọ. Èkejì ni gígùn apá: tí ẹ bá sọ apá di ìlọ́po méjì, líle á di ìdá mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni gígùn ibi tó ń lọ́: bó bá gùn sí i, á rọ̀ sí i. Páìpù dára ju irin gbọ́nńbọ́ lọ tí ẹ bá fẹ́ dín ìwúwo kù. Páìpù tí ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25 tí inú rẹ̀ jẹ́ 20 ní ìdá 59 nínú 100 líle irin gbọ́nńbọ́ mìlímítà 25, ṣùgbọ́n ìdá 36 péré ni ìwúwo rẹ̀.

Fún ọkọ̀ tiwa, mo mú irin gbọ́nńbọ́ mìlímítà 12, ibi tó ń lọ́ gùn ní mìlímítà 700, apá rẹ̀ jẹ́ 175, ìsopọ̀ rẹ̀ sì ń rìn mìlímítà 6 fún 10 tí táyà bá rìn. Tí ọkọ̀ bá fì ní dìgírì kan, táyà kọ̀ọ̀kan á rìn mìlímítà 10.5, orí apá á rìn 6.3. Irin náà á fún wa ní nǹkan bí 68 Newton-mítà fún dìgírì kan. 67 la ń wá. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí apá náà, ní 160, 175 àti 190: ẹ óò ní 81, 68 àti 58 lọ́wọ́ láìyọ irin kúrò nídìí ọkọ̀.

Nípa irú irin: líle gbogbo irin sí lílọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nǹkan bí 79 gígápásíkà. Irin ìkọ́lé àti irin sípíríǹgì tó nípọn bákan náà á le bákan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá irin á padà sípò lẹ́yìn tó bá lọ́ púpọ̀. Irin ìkọ́lé lè gba lílọ́ kékeré, ṣùgbọ́n níjọ́ tí táyà kan bá bọ́ sí kòtò, ó lè dúró bó ṣe lọ́ ọ́. Ẹ wá irin sípíríǹgì, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá wẹ́dà pé kó má jó àárín rẹ̀ rárá. Ojú ibi tí iná bá ti kan irin bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: iwájú àbí ẹ̀yìn?

Kílò 75 tó ń ṣí kò ní dín kù, ṣùgbọ́n ẹ lè yan ẹsẹ̀ tó máa gba èyí tó pọ̀ jù. Tí ẹrù orí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìdìmú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ó máa ń kù díẹ̀ kó tó o. Nítorí náà, táyà méjì iwájú tàbí méjì ẹ̀yìn tí ẹrù bá ṣí púpọ̀ jù láàárín wọn ló ń pàdánù ìdìmú jù. Ìhà tí ẹ bá mú le sí i, iwájú tàbí ẹ̀yìn, ló máa kọ́kọ́ yọ̀. Bí irin bá le níwájú, ọkọ̀ á máa kọ̀ láti yà. Bó bá le lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á máa fẹ́ gbá síta.

Ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ìdá líle iwájú fi nǹkan bí 5 nínú 100 ju ìdá ìwúwo iwájú lọ. Ìwúwo iwájú wa jẹ́ 48, nítorí náà à ń wá 53. Bí irin 68 bá wà níwájú, ìdá iwájú jẹ́ 319 nínú 573, ìyẹn 56. Bó bá wà lẹ́yìn, ó jẹ́ 44, awakọ̀ tí kò tíì mọwọ́ ọkọ̀ náà á sì máa yí po. Mo fi í síwájú. Ìdí mìíràn tún wà: ẹ̀yìn ló ń wa ọkọ̀ yìí, irin tó le lẹ́yìn á sì gbé táyà inú ẹ̀yìn sókè, á máa yí lófìfo nígbà tí awakọ̀ bá tẹná láti jáde nínú kọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ṣáàsí àti ìdè

Gbogbo nọ́ńbà òkè yìí kò já mọ́ nǹkan kan bí ṣáàsí bá rọ̀, torí ṣáàsí tó ń lọ́ á gbé ohun tí ẹ ṣe níwájú mì kó tó dé ẹ̀yìn. Ó kéré tán, kó le ní ìlọ́po mẹ́ta líle ìfì: nǹkan bí 1,700 Newton-mítà fún dìgírì kan. Ẹ lè dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ẹ de ẹ̀yìn ṣáàsí mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ gbé iwájú lé irin róbótó kan láàárín, kó lè yí. Ẹ de páìpù tó lágbára mọ́ ọn ní ìbú, kí orí rẹ̀ jẹ́ mítà kan sí àárín, kí ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì kílò 50 kọ́ ọ. Orí páìpù kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí férémù kò ní irin ìdábùú, kí ẹ sọ ọ́ di onígun mẹ́ta.

Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà náà ń jí líle. Ní orí ìsopọ̀ stabilizer, bọ́ọ̀lù irin ni kẹ́ ẹ lò.

Ní ti ṣọ́ọ̀kù, kò lè dá ìfì dúró nínú kọ̀nà gígùn. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára fì àti bó ṣe ń yára dìde ló ń ṣàkóso. Fún igun iwájú wa, nǹkan bí 1,400 Newton fún mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, tí a bá wọ̀n ọ́n lórí táyà, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ lọ dán an wò

Ẹ má dán an wò lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láéláé, bó ti wù kó dá tó. Tírélà kì í kìlọ̀. Ẹ tọrọ ilẹ̀ kọnkéré tàbí ọ̀dà tó fẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí awakọ̀ dé àṣíborí, kí ohun ìpaná wà nítòsí. Ẹ má lo ilẹ̀ pupa oníyangí. Ìdìmú rẹ̀ kéré, ọkọ̀ kò ní fì tó bó ṣe yẹ lórí rẹ̀, ẹ óò sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ fi kóònù ya róbótó kan tí awakọ̀ á máa yí ká, kí àárín ọkọ̀ wà ní mítà 9.125 sí àárín róbótó. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí yíyí kan gbà. Ẹ fi iye yẹn lọ́nà ara rẹ̀ pín 36.7, ìdáhùn ni g. Ìṣẹ́jú àáyá 5.5 jẹ́ 1.21 g.

Kó tó wọlé, ẹ so cable tie tín-ín-rín mọ́ ara ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sún un kan ẹnu ṣọ́ọ̀kù. Kí awakọ̀ máa fi ẹ̀sọ̀ mú eré pọ̀, kó má tẹ búrékì lójijì. Tó bá dúró, ẹ wọn ibi tí cable tie sún dé ní ẹ̀gbẹ́ ìta iwájú. Ìṣirò wa sọ pé ní 1.2 g, ṣọ́ọ̀kù náà yẹ kó rì ní nǹkan bíi mìlímítà 10 tàbí 11. Bó bá jẹ́ 16, nǹkan kan ń rọ̀ níbi tí ẹ kò rò: ẹ wo bọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ojú wẹ́dà, ẹ tún sípíríǹgì wọ̀n. Ẹ ní kí ẹnìkan fi fóònù ya fídíò láti iwájú, kí fóònù dúró lórí nǹkan tí kì í mì.

Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wo ooru wo ojú táyà ìta lójú ẹsẹ̀, ní etí inú, àárín àti etí ìta. Bí etí ìta bá gbóná jù, kámbà kò tó tàbí ìfì ṣì pọ̀. Ẹ fi ìdajì dìgírì tẹ orí táyà sínú sí i kẹ́ ẹ tún sá a kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan irin stabilizer. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ibẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti yà, ẹ gbé ìsopọ̀ iwájú lọ sí ihò 190. Bí ìdí bá ń gbá, ẹ gbé e wá sí 160. Bí òjò bá rọ̀, ìdìmú á wálẹ̀, ẹrù tó ń ṣí náà á dín kù, ọkọ̀ kò sì nílò líle tó báyẹn mọ́: ẹ tú ẹnu kan ìsopọ̀ stabilizer kúrò pátápátá, ẹ so ó mọ́ ṣáàsí kó má baà kan táyà. Àmọ́ ìdá líle iwájú á já sí ìdajì, nítorí náà kí awakọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀sọ̀ yí róbótó náà ká lórí omi, kó mọ bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń ṣe, kó tó sá eré.